Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣọ́ Iná Lò Ní Ilé Ọmọ Ẹja

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé kò jẹ mọ́ nahawu, kò sì jẹ mọ́ ìpín ogún. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni, àti ọ̀rọ̀ ọmọ ẹja. Àmọ́ bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ọ̀rọ̀ àpò wa sì ni.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, ti ń wọ iṣẹ́ sísin ẹja àrọ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ tó parí kéú, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò fi bọ́ ara wọn kí wọ́n má baà máa na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ hàlálì ni, oúnjẹ sì ni fún ìlú, pàápàá ní àkókò yìí tí ẹran màlúù ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń fi ojú lásán wò lọ́jà. Ṣùgbọ́n ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyíinì ni ilé ọmọ ẹja, tí àwọn olóko ẹja ń pè ní hatchery. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún abo ẹja lábẹ́rẹ́ kí ẹyin rẹ̀ lè gbó, tí wọ́n ti ń gba ẹyin náà, tí ẹyin ti ń pa, tí wọ́n sì ti ń tọ́ àwọn ọmọ náà títí wọn yóò fi tó gbé lọ sí pọ́ńdù. Ibẹ̀ náà ni iná ti ń jẹ owó jù. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tí wọ́n sì ti tìlẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹja wọn ń tà. Owó epo àti owó iná ló kó èrè wọn lọ.

Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá mọ wákàtí tí ẹ̀mí ọmọ ẹja so mọ́ iná, tó sì mọ wákàtí tí kò so mọ́ ọn, lè fi iná díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀ tó tóbi tó ilé, yóò jẹ gbèsè.

ÌṢIRÒ OWÓ INÁ

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní àwọn iléepo tó ń tà á ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ré kọjá 1,000 náírà. Ní ti iná ìjọba, èyí tí àwa ṣì ń pè ní NEPA bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni wọ́n ti fa pínpín rẹ̀ lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n sọ yúnìtì kan di 225 náírà fún àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Lẹ́yìn náà wọ́n dín in kù díẹ̀, àmọ́ kò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò sí ní ìsọ̀rí yìí ń san owó tó kéré sí i, ṣùgbọ́n iná wọn kì í pẹ́, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fi ń dí àlàfo rẹ̀. Ìhà yòówù kí ènìyàn wà, owó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀rọ tó ń fa omi, tí agbára rẹ̀ jẹ́ HP kan, máa ń lo nǹkan bíi 746 wáàtì, ó kéré tán. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10, ó ti jẹ yúnìtì 7 àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di nǹkan bíi yúnìtì 224. Ẹ fi 225 náírà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó lé ní 50,000 náírà. Bí olóko ẹja náà bá wá ọgbọ́n dá sí i tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 4 péré lójúmọ́, owó náà yóò bọ́ sí nǹkan bíi 20,000 náírà. Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù kan kò kéré lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ilé tọ́ iṣẹ́. Ó lè fi ra oúnjẹ ẹja, ó lè fi san owó iléèwé àbúrò rẹ̀.

ALÁRÙ NI INÁ

Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé kí ni ọmọ ẹja ń fẹ́ gan-an. Nǹkan mẹ́rin ni: omi tó mọ́, afẹ́fẹ́ nínú omi náà, ooru tó bá a lára mu, àti oúnjẹ. Ẹ ò rí i pé iná kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alárù ni iná jẹ́. Ó ń bá wa gbé omi gòkè, ó ń bá wa ru afẹ́fẹ́ wọ inú omi, ó ń bá wa gbé ooru wá. Bí a bá wá rí ẹlòmíràn tí yóò ru ẹrù kan nínú ẹrù wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí a ó tún fi sanwó fún alárù?

Ìtàn ayé jẹ́rìí sí ohun tí a ń sọ yìí. Ní nǹkan bíi ọdún 1842, apẹja kan wà ní orí òkè ilẹ̀ Faransé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph Remy. Ó rí i pé ẹja odò wọn ń dín kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹyin ẹja, ó ń kó o sínú àpótí oníhò, ó sì ń gbé e sínú omi tó ń ṣàn títí ẹyin náà yóò fi pa. Nígbà tí ó di ọdún 1852, ìjọba ilẹ̀ Faransé dá ilé ọmọ ẹja ńlá sílẹ̀ ní Huningue, lẹ́bàá odò Rhine. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí Thomas Edison ṣí ní New York ní ọdún 1882 ṣì ku ọgbọ̀n ọdún kó tó wà. Omi tó ń ti òkè ṣàn wá sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bí àwọn aráyé bá lè pa ẹyin ẹja kí iná tó dé, ó yẹ kí àwa tí iná ń wá tó ń lọ náà lè rí ọgbọ́n dá sí i.

IBI TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI INÁ ṢAHUN

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ní àgbọ́yé òdì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé ẹja tó lágídí ni àrọ̀, pé bí a bá pa gbogbo iná, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ohun tí wọ́n rí lọ́jà ló ń tàn wọ́n. Gbogbo wa la ti rí àrọ̀ nínú abọ́ ìyá ẹlẹ́ja, nínú omi tí kò bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò sì máa mí títí di ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ ni. Àgbà àrọ̀ ní ẹ̀yà kan lẹ́bàá ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi bí àwa náà ti ń mí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yà yìí lọ́jọ́ tí ẹyin pa. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ̀yà náà tó hù, kí ó sì tó máa ṣiṣẹ́. Kí ó tó di ìgbà náà, afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi nìkan ló ń mí. Bí àwọn ọmọ náà bá pọ̀ nínú tánkì kan, tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wá dákẹ́ lóru, tí kò sí omi tó ń ṣàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ oṣù kan á sì bá òru kan lọ.

Nítorí náà, wákàtí tí ẹ̀mí so mọ́ iná ni èyí: láti ìgbà tí ẹyin wà nínú omi títí di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pàápàá lóru. Níbẹ̀, kí a má ṣahun rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí a bá ti ń rí wọn tí wọ́n ń gòkè wá gba afẹ́fẹ́ lójú omi, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kò pọn dandan mọ́. Omi tó mọ́ ni kí a máa ṣe ìtọ́jú. Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún ẹja oṣù méjì tọ̀sán-tòru ń ná owó sórí ohun tí Ọlọ́hun ti fi fún ẹja náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó tún dùn mọ́ wa nínú ni pé afẹ́fẹ́ tí ọmọ ẹja ń fẹ́ kì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo 40 wáàtì, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 14 láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, ó fi díẹ̀ lé ní ààbọ̀ yúnìtì kan. Kódà kò tó yúnìtì kan. Bátìrì 12 volt tó jẹ́ 100 amp tó ṣì lágbára dáadáa lè gbé e títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ láìjẹ́ pé a lò ó tán. Kí ni wọ́n wá ń tan jẹnẹrétọ̀ odindi ilé fún lóru nítorí ohun tí kò tó gílóòbù kan? Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì wà, kí ó wà níta gbangba. Èéfín rẹ̀ nínú yàrá ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ yìí.

IBI TÍ OWÓ TI Ń ṢÒFÒ

Èkíní ni ooru. Òun ni ọ̀gá olójúkòkòrò. Ẹyin àrọ̀ fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bíi ìwọ̀n 28 lórí tẹmómítà. Níbẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ kan ni ẹyin fi ń pa. Bí omi bá tutù dé ìwọ̀n 20, ó lè ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ọyẹ́ ti ń ṣe ní Òkè-Ògùn, bí omi inú garawa ti ń dà bí omi yìnyín láfẹ̀mọ́júmọ́. Nítorí èyí, àwọn kan ń ti irin ìgbóná bọ omi tánkì. Ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò. Kí omi 1,000 lítà tó lè fi ìwọ̀n kan péré gbóná sí i, yóò jẹ yúnìtì kan ó lé díẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ìwọ̀n 5 kún un, ó di nǹkan bíi yúnìtì 5 àti ẹ̀sún 8, tó lé ní 1,300 náírà ní iye tí a sọ lókè, ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Omi náà á sì tún tutù lóru. Ṣùgbọ́n láti gbé omi 1,000 lítà yìí kan náà lọ sórí tánkì tó ga ní mítà 10, bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá bàjẹ́, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì kan. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà!

Kí ni ṣíṣe? Oòrùn tó ń mú wa lórí ní ilẹ̀ ọ̀dàn yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tánkì dúdú tó wà nínú oòrùn láti àárọ̀ á fún wa ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Kí a fi ọ̀rá bo ojú agbada, kí a fi àpò tàbí koríko gbígbẹ wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì dí àwọn ojú fèrèsé tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbà wọlé. Bí a bá fẹ́ lo irin ìgbóná dandan, kí ó jẹ́ nínú agbada kékeré tí ẹyin wà, tí kò ju 100 lítà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì ti ọwọ́ bọ omi tí irin náà wà nínú rẹ̀ láìpa iná, nítorí omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Èkejì ni fífa omi. Àwọn olóko ẹja kan so ẹ̀rọ mọ́ kànga dẹ̀rọ tààrà, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa ṣàn sínú agbada ẹyin tọ̀sán-tòru. Bí NEPA bá mú iná lọ, omi dúró, ẹyin ń kú, wọ́n á sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí a ṣe òpó gíga, kí a gbé tánkì lé e, kí a fa omi kún un nígbà tí iná bá wà tàbí nígbà tí oòrùn bá ń mú páńẹ́lì sólà. Láti ibẹ̀, omi á máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sínú agbada, iná ì báà wà tàbí kí ó má sí. Tánkì tó kún lókè, bátìrì tí kì í bàjẹ́ ni. Àǹfààní mìíràn tún wà ńbẹ̀. Omi kànga dẹ̀rọ kì í sábà ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jáde. Bí ó bá sinmi nínú tánkì, tó sì ń bọ́ sílẹ̀ láti inú páìpù oníhò wẹ́wẹ́ bí òjò, yóò gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹja. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bá kọṣẹ́ lóru, omi tó ń bọ́ yìí ni yóò gba ẹ̀mí wọn là.

Ẹ tún máa yẹ páìpù wò. Páìpù tó tín-ín-rín jù ń mú kí ẹ̀rọ máa jà. Ibi tó ń jò, bó ti wù kó kéré tó, owó ló ń jò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni gílóòbù. Ẹ̀dá tó fẹ́ràn òkùnkùn ni ọmọ àrọ̀. Bí a bá tan iná sí wọn lórí, wọ́n á máa wá igun tí wọn yóò sá pamọ́ sí. Síbẹ̀ ẹ ó rí ilé ọmọ ẹja tí gílóòbù ń jó nínú rẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀, bí ẹni ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Gílóòbù 100 wáàtì tó ń jó fún wákàtí 12 lóru ń jẹ yúnìtì 36 lóṣù, ìyẹn 8,100 náírà ní iye tí a fi ń ṣírò. Gílóòbù LED 10 wáàtì á jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, 810 náírà. Ẹni tó bá tàn án kìkì ìgbà tó bá wọlé lọ wo ẹja rẹ̀, tiẹ̀ tún kéré sí i. Kí a bo àwọn agbada náà, kí a sì jẹ́ kí ọmọ ẹja sùn.

Ẹ̀kẹrin ni ìdọ̀tí. Àwọn kan á rò pé èyí kò kan iná, àmọ́ ó kàn án gidi. Bí a bá da oúnjẹ púpọ̀ ju ohun tí ẹja lè jẹ lọ, èyí tó ṣẹ́kù á jẹrà, omi á bàjẹ́, a ó sì tún fa omi mìíràn. Oúnjẹ ti ṣòfò, omi ti ṣòfò, iná náà ti ṣòfò. Oúnjẹ díẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, ló dára. Bákan náà, oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ẹja, èyí tí wọ́n ń pè ní artemia, tí púpọ̀ nínú ẹyin rẹ̀ ń ti adágún omi iyọ̀ ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà wá, ń fẹ́ afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ kan kó tó pa. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń fi ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sin kòkòrò omi tín-ín-tín nínú agbada ìta lè fi ìyẹn dín artemia kù. Oòrùn ló ń bá a ṣe iṣẹ́ náà.

KÍ A MỌ ÌGBÀ, KÍ A SÌ ṢE É PỌ̀

Nínú odò, àrọ̀ kì í yé ẹyin nígbà ọyẹ́. Ó ń dúró de òjò, de ìgbà tí odò bá kún. Ẹni tó bá fi ilé ọmọ ẹja rẹ̀ ṣe iṣẹ́ gidi láti ìgbà tí ooru bá ti bẹ̀rẹ̀ títí òjò yóò fi ká, tó sì fi oṣù ọyẹ́ tún tánkì àti páìpù rẹ̀ ṣe, tó sì fi bọ́ àwọn ìyá ẹja rẹ̀ dáadáa, kò ní bá òtútù jìjàkadì. A mọ̀ pé àwọn oníbàárà ń béèrè ọmọ ẹja lọ́dún yípo. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ ṣe é nígbà ọyẹ́ kọ́kọ́ ṣírò owó ooru, kí ó tó gún ẹja lábẹ́rẹ́.

Ohun mìíràn tí ó ń dùn wá ni pé gbogbo wa la fẹ́ dá ṣe. Abo àrọ̀ kan tó tó kílò kan lè mú ẹgbẹẹgbàárùn-ún ẹyin wá. Ẹyin ẹja méjì mẹ́ta tó láti fún olóko mẹ́wàá ní ọmọ ẹja. Kí ló wá dé tí olúkúlùkù àwọn mẹ́wàá náà fi ń ra jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, tí ń gbẹ́ kànga tirẹ̀? Ní Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn olóko ẹja kó ara wọn jọ sí ojú kan, wọ́n jọ ń sin ẹja, wọ́n sì di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń tọ́ka sí. Ilẹ̀ wọn ní àbàtà, omi súnmọ́ wọn. Tiwa ní àpáta, omi rẹ̀ jìn. Èyí gan-an ló fi yẹ kí àwa pọ̀ jù wọ́n lọ nínú àjọṣe. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lè dá owó jọ, kí wọ́n ṣe tánkì kan tó ga, páńẹ́lì mélòó kan, ilé ọmọ ẹja kan tó dára, kí olúkúlùkù sì máa kó ọmọ ẹja tirẹ̀ lọ sí pọ́ńdù tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń fẹ́ ìmọ̀ sí i, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹja omi dídùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní New Bussa lẹ́bàá adágún Kainji, ní ìhà àríwá wa.

Àwọn kan á ní kí ìjọba ṣe iná fún wa ná. A kò bá wọn jiyàn. Odò Ògùn ṣẹ̀ nítòsí Ṣakí níhìn-ín, a sì ní ìsédò Ikere Gorge lórí rẹ̀ nítòsí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n dáwọ́ lé láyé ìjọba Shehu Shagari ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ìpinnu rẹ̀ sì jẹ́ láti fún wa ní omi mímu, omi oko àti iná. Àwọn tó gbọ́ ìlérí náà ní ọmọdé ti di bàbá àti ìyá àgbà. Ó tọ́ kí á máa béèrè, kí àwọn aṣojú wa sì máa dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹja tí ẹyin rẹ̀ pa lálẹ́ àná kò lè dúró de ìsédò. Bí iná náà bá sì dé lọ́la, ẹni tó ti kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ọ lò ni yóò jèrè rẹ̀ jù.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé wa, ẹ̀kọ́ kan ni gbogbo èyí bá mu. A kọ́ yín pé ẹ̀sìn kọ ìnáàkúnàá, ó sì kọ ahun. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń ṣe àlùwàlá létí odò pàápàá kò gbọdọ̀ fi omi ṣòfò. Bí omi odò tí kò tán kò bá ṣeé fi ṣòfò, mélòó mélòó ni iná tí a fi owó rà? Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nítorí owó kékeré tí ẹgbẹ̀rún ẹ̀dá sì kú sínú omi, òun náà ti ṣẹ̀ sí ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà wà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá sọ pé òun fẹ́ kí ẹ ran òun lọ́wọ́ láti dá ilé ọmọ ẹja sílẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye jẹnẹrétọ̀. Ẹ bi í pé níbo ni tánkì òkè yóò wà, kí ni yóò gbé afẹ́fẹ́ lóru, báwo ni yóò ṣe bo agbada rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ẹ tú àpò. Ẹ̀yin olówó inú jámáà, tí ẹ máa ń wá ohun tí ẹ ó fi ṣe sàráà tí kì í tán, ẹ rántí pé òpó àti tánkì kan tí ẹ gbé kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà lè bọ́ ilé mẹ́fà fún ọdún púpọ̀, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ á ti di irin àlòkù.

Kí Ọlọ́hun Ọba bù sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó fún wa ní ọgbọ́n ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó má sì jẹ́ kí làálàá wa já sí òfo. Àmín.